Idẹ Kékeré Tó Ń Wúwo

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn nǹkan ní mùsíọ́mù, kí n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí òṣùwọ̀n sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ. Mi ò fi iyọ̀ sí i.

Ọdún 1976 ni. Ẹgbẹ́dá ni à ń gbé, èmi àti Agnes ìyàwó mi, pẹ̀lú Olúfúnmiláyọ̀, ọmọ tí a fi ọdún mẹ́sàn-án wá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ràímì, olórí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Ìgàndó, mú nǹkan àtijọ́ kan wá fún mi. Ohun ọrùn ni, ojú ènìyàn tí wọ́n fi idẹ dà, tó ní ihò okùn lókè. Kò ju àtàǹpàkò mi lọ.

Ọjọ́ Ajé ni mo máa tó gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ ń sunkún, eyín ń hù. Nílé wa ní Èkìtì, ṣaworo ni ìyá mi máa ń so mọ́ wa lọ́rùn tí eyín bá ń yọ wá lẹ́nu. Mi ò ní ṣaworo. Mo fi òwú so idẹ náà mọ́ ọmọ lọ́rùn, èmi tó yẹ kí n mọ̀! Ẹkún náà dá lójijì. Ó sùn di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Agnes sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bọ́ idẹ náà lọ́rùn ọmọ, mo sì wọ̀n ọ́n níbi iṣẹ́. Ogójì gíráàmù. Mo kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀, mo tì í mọ́nú àpótí.

Lóṣù kejì, àwọn nọ́ọ̀sì wọn ọmọ. Ó ti fi kílò kan jò. Ó ń jẹun o, ara rẹ̀ ò gbóná. Kò kàn sunkún mọ́ ni, àní nígbà tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀gá mi, Ṣóbọ̀wálé, ní kí n kó àwọn idẹ jáde fún àfihàn. Ọ̀sán gangan ni, ibẹ̀ dákẹ́, fáànù nìkan ló ń dún. Mo mú idẹ kékeré náà, ọwọ́ mi sì fà wálẹ̀. Kílò kan àti ogójì gíráàmù.

"Òṣùwọ̀n ló bàjẹ́," ni ọ̀gá wí. "Kọ ogójì síbẹ̀ jàre."

Mo gbé páálí ṣúgà sórí òṣùwọ̀n kan náà. Iye tí wọ́n kọ sára páálí ló sọ.

Lóṣù kẹta, ọmọ tún jo kílò kan. Idẹ náà fi kílò kan lé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sọ fún Agnes. Mo jí i gbé sínú báàgì, mo lọ bá Ràímì pé kó fi ibi tó ti wú u hàn mí, kí n dá a padà. Ó fẹnu júwe ilé kékeré kan tí wọ́n ti yára kọ́ sórí ìpìlẹ̀ náà. Kọ́tìnnì ń fẹ́ lójú fèrèsé.

"Abẹ́ ibẹ̀ ni. Ọrùn egungun ọmọdé la ti bọ́ ọ, sà."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní mi ò bi òun.

Mo rò ó pé kí n jù ú sódò. Ṣùgbọ́n kílò méjì ọmọ mi ló wà nínú báàgì yẹn. Ta ló máa ju ọmọ rẹ̀ sódò? Mo dá a padà sínú àpótí.

Fúnmi kú kí ọdún tó parí, láìsunkún. Nígbà tí mo gbé e, apá mi ò mọ̀ pé òun gbé nǹkan. Agnes ò jẹ́ kí n pe òun ní Ìyá Fúnmi mọ́.

Ó ti lé lọ́dún kan. Lánàá, Agnes sọ fún mi pé òun ti lóyún. Ó rẹ́rìn-ín, mo sì bá a rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣí àpótí. Mo gbé idẹ náà sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ogójì gíráàmù. Kílò Fúnmi ti kúrò; ààyè ti ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Mi ò tíì sọ fún Agnes.