Àyè Òfìfo Tí Mùfúlíátù Fi Sílẹ̀

Eruku ọyẹ́ ti sọ irun ọkùnrin kan di ti arúgbó kó tó wọ ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ìjọba ní Garki nílùú Àbújá lọ́dún 1988, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó fi wọlé kì í ṣe ti arúgbó rárá. Mùfúlíátù tó ń tẹ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ gbójú sókè, ó tún gbé e wálẹ̀ kíá. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ Ìlọrin tí kì í wojú ọkùnrin ló tún yọ́jú wò ó kó tó jókòó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mùíbì lorúkọ mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Èkó ni ìjọba ti kó àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá síbí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fi kọ̀ǹpútà yọ orúkọ àwọn tó máa gbalé. Wọn ò kọ̀ mí, wọn ò sì gbà mí. Bí n ò bá rílé, Èkó ni mò ń padà sí."

"Kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe."

"Ẹni tó ń pàṣẹ fún un ńkọ́?"

Mùfúlíátù fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà. Mùfúlíátù ti pàṣẹ fún un pé kó gbé orúkọ gbogbo ẹni tí ìdáhùn tí wọ́n fún un lórí ilé kì í ṣe "rárá" jáde. Ṣùgbọ́n àyè ìdáhùn Mùíbì ṣófo. Kò tíì sẹ́ni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀.

"Hàà! Mo ti rí i. Òfìfo kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe rárá. Ẹ̀rọ ò mọ èwo ni, ló bá fò yín kọjá. Àfi kí n béèrè àwọn tí àyè wọn ṣófo gan-an."

Ó béèrè. Orúkọ Mùíbì jáde, orúkọ ogunlọ́gọ̀ èèyàn sì tẹ̀ lé e. Mùfúlíátù rí i pé òun ni ì bá sọ gbogbo wọn di aláìnílé.

"Ẹ ti fún mi nílé," ni Mùíbì wí. "Ó wá ku kí n mọ ilé tiyín."

Ọ̀rọ̀ dìfẹ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, àwọn èèyàn Mùíbì ti wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Alájì Jàbárù, bàbá Mùfúlíátù, tó ń taṣọ ní ọjà Wuse.

Bàbá pe ọmọ rẹ̀ síwájú àwọn àgbà. "Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá?"

Mùfúlíátù kúnlẹ̀, ó tẹrí ba, kò fọhùn. Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn: bí wúńdíá bá dákẹ́, ó ti gbà. Bàbá wò ó pẹ́, ó ní káwọn àlejò máa lọ ná, òun á ránṣẹ́.

Kò ránṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn bá dún, Mùfúlíátù a sáré lọ wo ẹni tó dé.

Mùíbì wá bá a lẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. "Mùfú mi, bàbá rẹ ti kọ̀ mí nìyẹn. Mo ti ní kí wọ́n dá mi padà sí Èkó. Ọ̀la ni mò ń lọ."

"Bàbá ò sọ pé rárá!"

"Ṣé ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?"

Yéè! Mùíbì ka òfìfo tí Bàbá fi sílẹ̀ sí rárá. Mùfúlíátù náà ti fi òfìfo sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní kó kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Àṣìṣe tó ti ṣàtúnṣe rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló tún lọ ṣe nílé!

"Má lọ. Jọ̀ọ́, dúró dè mí."

Ó gba ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ní Wuse lọ. Ọmọ wo ló ń bi bàbá rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ?

"Bàbá, kí lẹ̀ ń dúró dè?"

Alájì gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ Rísíkàt dákẹ́ níwájú mi bẹ́ẹ̀, mo ní ó ti gbà, mo fi í fọ́kọ. O mọ ẹkún tó sun kó tó padà wálé. Mo ti búra pé n ò ní í bá ọmọ mi túmọ̀ ìdákẹ́ mọ́."

Omi bọ́ lójú Mùfúlíátù. "Mùíbì ni mo fẹ́, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni."

"N ò gbọ́." Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Yauwa! Ó dáa bẹ́ẹ̀!" ni Hausa tó wà nísọ̀ kejì dáhùn.

Lọ́jọ́ yìgì, Lemọ́mù bi ìyàwó léèrè bó ṣe yẹ. Àwọn obìnrin ń retí kó tẹrí ba. Ìbéèrè ò tíì parí tí Mùfúlíátù fi gbórí sókè, tó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Láàárín àwọn ọkùnrin, a gbọ́ ẹ̀rín Mùíbì.