Àpòòwé Tí Bàbá Wàhábì Já

Wàhábì ti fa ìṣó mẹ́sàn-án yọ, ó ku mẹ́ta. Ó dojú férémù náà bolẹ̀ lórí ẹní ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, ó fi orúnkún kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀mú fa àwọn ìṣó kéékèèké náà jáde lẹ́yìn pákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀. Kò nù ún.

Nígbà tí ìṣó kejìlá jáde, ó gbé pákó ẹ̀yìn kúrò. Ìwé èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ń wá bá pákó wá, nítorí Walter tó ń ṣe férémù ní gáréèjì Ìbàdàn ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gbágbá.

Ó mú abẹ, ó ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bó awọ ara ẹni tí iná jó. Igun kan jáde. Ó yí i sí ojú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Walter ti fi sísọ́ọ̀sì gé e dànù kí ìwé lè bá férémù mu.

"Kí lò ń ṣe sí ìwé mi?"

Alhaji Síkírù ló ti ìrun Àsárì dé. Oníṣòwò irin ni, kò sí ẹni tó ń kọ́lé ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ibi tó ṣófo lára ògiri.

"Bàbá, ìwé yín kọ́. Ìwé mi ni."

"Ìwé rẹ? Ta ló bí ọ?"

Wàhábì tún mú abẹ. Ó ń họ ìwé rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà. Ní 1986 náírà ṣubú, apá bàbá rẹ̀ kò ká dọ́là mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1987 ni Wàhábì kó ẹrù rẹ̀ wálé pé òun yóò parí ẹ̀kọ́ náà ní yunifásítì kan nílé níbí. Yunifásítì náà kò kọ̀. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Ohun tí ìlà kẹrin sọ kò lọ́jú pọ̀: ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bọ̀ ni yóò fúnra rẹ̀ fi ìwé èsì ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ tààrà sí yunifásítì, nínú àpòòwé tí a dì pa, kí oṣù kẹjọ tó parí.

Wàhábì ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nílé Alhaji Síkírù, kò sí ohun tó ń wọlé tàbí tó ń jáde tí kì í gba ọwọ́ baálé kọjá. Nígbà tí Wàhábì ń kọ lẹ́tà sí Amẹ́ríkà, bàbá rẹ̀ dúró tì í lẹ́yìn.

"Àpótí ìfìwéránṣẹ́ tèmi ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí," ni Alhaji wí nígbà náà. "Èyí tí mo bá fi ojú mi rí ni mo mọ̀ pé ó dé."

Wàhábì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí ó bá ti dé, òun yóò gbé e lọ sí yunifásítì láìjá a. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìlà kẹrin fún bàbá rẹ̀.

Àpòòwé náà dé nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ méjì. Alhaji gbé e pamọ́, kò sọ fún ọmọ. Lọ́jọ́ Iléyá, Wàhábì gbé itan àgbò lọ fún ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìbefun, ó sì sùn síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Alhaji, tí wọ́n jọ bí wọn sí ìgbà kan náà, pé jọ sí pálọ̀ láti jẹ ẹran. Alhaji já àpòòwé náà níwájú wọn. Ìwé náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, tòun ti ọ̀rá àgbò. Kí Wàhábì tó padà, Alhaji ti gbé e lọ fún Walter kó fi férémù sí i.

"Mo dé yunifásítì lánàá, Bàbá," ni Wàhábì wí. "Mo bi akọ̀wé wọn. Ó ní ìwé tí wọ́n bá ti já, àwọn kò gbà á."

"Kí ló dé? Ṣé ìwé èké ni?"

"Kì í ṣe ìwé èké."

"Kí ni wọ́n wá ń wá? Inú ìwé ni máàkì wà, àpòòwé kò ní máàkì kankan. Bí mo bá ra irin, ṣé wáyà tí wọ́n fi dì í ni mo fi ń kọ́lé?"

"Wọ́n ti gé òǹtẹ̀ kúrò, Bàbá. Ẹ wò ó."

Alhaji wò ó. Ó fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìyẹn kò le. Walter kan náà ló ń gbẹ́ òǹtẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ ìlú yìí. Kó gbẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ. A ó ra àpòòwé tuntun, a ó dì í. Ta ni yóò mọ̀?"

Ohun tó burú ni pé Wàhábì rò ó wò. Ó ti ń wá ibi tí òun ti lè rí àwòrán òǹtẹ̀ náà nínú àwọn lẹ́tà àtijọ́ nígbà tí Ràmọ́tà, ìyá rẹ̀, jáde láti inú yàrá.

"Bàbá Wàhábì, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ Walter. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúnrìn wà ní Ayépé. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ní yunifásítì. Ẹ lọ bi í kí ẹ tó ti ọmọ mi sínú ẹjọ́."

Alhaji pòṣé, ṣùgbọ́n ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bá Ọ̀gbẹ́ni Bọ́dúnrìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, kó tó gba ìwé náà.

"Ta ló gé e?"

"Walter ni, sà," ni Wàhábì dáhùn.

"Ta ló fi gọ́ọ̀mù sí i?"

"Walter náà ni."

"Ta ló já àpòòwé?"

Alhaji wúkọ́. "Èmi ni. Èmi ni bàbá rẹ̀."

"Mo gbọ́. Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin, ta ló ka fọ́ọ̀mù?"

"Èmi ni, sà."

"O ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àpòòwé?"

"Mo kà á, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"O sì jókòó tí bàbá rẹ ń ṣe ohun tí kò mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ ló pọ̀ jù."

"Ọ̀gbẹ́ni," ni Alhaji dá a lóhùn, "mo ti gbọ́ ìwàásù ní mọ́ṣáláṣí lọ́sàn-án yìí, Jímọ̀ọ̀ ni òní. Ọ̀nà àbáyọ ni mo ń wá. Ẹnì kan wà tó lè bá wa gbẹ́ òǹtẹ̀ náà. Ṣé ó dára tàbí kò dára?"

Bọ́dúnrìn yọ awò ojú rẹ̀. "Alhaji, bí ẹ bá gbẹ́ ẹ, wọ́n lè gba ọmọ yín wọlé. Lẹ́yìn náà wọn á kọ̀wé sí Amẹ́ríkà láti wádìí. Èsì lè pẹ́ ọdún kan, ó lè pẹ́ méjì. Ọjọ́ tó bá dé ni wọn á lé e, bó ṣẹ́ ku ọ̀sẹ̀ kan kó gboyè. Ibi gbogbo tó bá tún dé, wọn á bèèrè ìdí tí wọ́n fi lé e. Èmi ni mo ń tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọ kan dọ̀bálẹ̀ níwájú tábìlì mi níjọ́ kan, ó ń sunkún. Mo tẹ lẹ́tà náà parí."

Alhaji tún bi í. "Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń fi àpòòwé ṣe, ẹ jọ̀ọ́?"

"Ẹ̀yin ń ta irin. Bí oníbàárà bá gbé òṣùwọ̀n láti ilé ara rẹ̀ wá pé òun ni kí ẹ fi wọn irin fún òun, ṣé ẹ ó gbà?"

"Kí n gba kí ni? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ọmọ Aláre!"

"Kí ẹ má bínú sí wọn, nígbà náà. Àpòòwé tí kò já ló ń sọ pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò kan máàkì ara rẹ̀, ọwọ́ bàbá rẹ̀ náà kò kàn án."

"Ó dára. Kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́."

"Wọ́n á fi ránṣẹ́. Òní ni ọjọ́ kọkànlélógún. Lẹ́tà ń lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé ọ̀hún, ó ń lo bí mẹ́ta kó tó padà. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Ọdún yìí ti lọ, Alhaji."

Wàhábì wo ilẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ sí i létí.

"Ìwé tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ ọ dà?" ni Bọ́dúnrìn bi í. "Èyí tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ tẹ̀ jáde, tó to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wákàtí rẹ̀ àti yúnìtì rẹ̀."

"Mo fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, sà. Ẹrù mi ti wúwo jù."

"Kí ló wà nínú ẹrù?"

Wàhábì ń fi ìka kà wọ́n. "Bàtà Bàbá. Léèsì Ìyá mi. Rédíò. Aago fún àwọn àbúrò Bàbá."

"Ta ni yóò ti òkè òkun dé lọ́wọ́ òfo?" ni Alhaji wí. "Kí ni ará ilé máa sọ?"

"Bàtà kò ní yúnìtì," ni Bọ́dúnrìn dáhùn. Ó yíjú sí Wàhábì. "Gbọ́ mi. A kì í gbé ọdún mẹ́ta láti yunifásítì kan lọ sí èkejì bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì. Ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ìṣirò tí o ṣe lọ́hùn-ún, ṣé ó bá tiwọn dọ́gba? Wákàtí mélòó ni wọ́n fi kọ́ ọ? Máàkì wo lo gbà? Èyí tó bá dọ́gba, wọ́n á kà á fún ọ. Èyí tí kò bá ní àlàyé, wọ́n á ní kí o tún un ṣe. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ẹnjiníà ló ń pinnu rẹ̀. Akọ̀wé kò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ kò tó bẹ́ẹ̀. Ó sì ní iye ọdún tí o gbọ́dọ̀ lò lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó fún ọ ní oyè wọn, ìbáà jẹ́ pé o ti mọ gbogbo rẹ̀."

"Ọdún wo ni wọ́n máa fi mí sí, sà?"

"Bí ìwé rẹ bá pé, bóyá ọdún kẹta. Bí kò bá pé, ọdún kejì. Bí ẹnìkan bá tún já a, má wulẹ̀ bi mí."

Wàhábì ṣírò rẹ̀. Ọláyínká, ọmọ àdúgbò wọn tí òun kọ́ ní ìṣirò lórí ẹní kó tó di pé òun lọ Amẹ́ríkà, ń bọ̀ wá wọ ọdún kejì ní yunifásítì yẹn. Nígbà tí òun bá wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, Ọláyínká yóò ti wà ní ọdún kẹta. Bóyá òun ni yóò máa yá ìwé lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Ṣé ọdún mẹ́ta yẹn ti ṣòfò nìyẹn?" ni Alhaji bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Èyí tó bá ṣeé gbà là, a ó gbà á là. Jẹ́ kó jókòó síbí."

Bọ́dúnrìn gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ jáde, ó sì ní kí Wàhábì fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà kìíní lọ sí ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ ní dídì pa, tààrà sí yunifásítì, kó má gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá. Lẹ́tà kejì lọ sí ẹ̀ka ẹnjiníà wọn lọ́hùn-ún, ó ń bèèrè ìwé àlàyé iṣẹ́. Ẹ̀kẹta lọ sí yunifásítì ilé níbí, ó sọ òtítọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún tó ń bọ̀.

Wàhábì ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ nínú lẹ́tà kẹta. Bọ́dúnrìn fa bébà náà yọ, ó ya á.

"Tún un tẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni, sà."

"Ìlà kan péré náà ló gbé ọ dé ibí."

Alhaji jókòó sí ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ó ní, "Ṣé ẹ̀dà kan kò lè dé ọ̀dọ̀ mi, kí n kàn rí i?"

"Ó lè dé. Ẹ jẹ́ kí ojúlówó kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ."

Alhaji kò bẹ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sì bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà ilé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan bọ́ sí òmíràn, ẹ jẹ́ kí èsì rẹ̀ ti ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ sí ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má já a láti fi ojú yín rí i, ẹ má fi ṣe ọ̀ṣọ́ ògiri. Òfin yunifásítì kan yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí náà ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì wọn gan-an, kí ẹ bèèrè kí ilẹ̀kùn tó tì. Ẹ má gba ìlérí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín fi ọmọ sí ọdún kẹta. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ òǹtẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìwé àlàyé iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dì sínú ẹrù, kí ẹ tó rántí bàtà ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì ti ka òfin, ẹ sọ ọ́ jáde lójú àgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Dídákẹ́ yín kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí bí ó bá máa ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Wàhábì to lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí káńtà ní pósítọ́fíìsì Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní kí wọ́n bá òun fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ mọ́ wọn, gbà, gbà, gbà, ó sì já rìsíìtì fún un. Bàbá rẹ̀ ń dúró dè é nínú ọkọ̀ níta.

"Mú rìsíìtì náà wá," ni Alhaji wí, ó na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé. "Jẹ́ kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀."

Wàhábì ká a sí méjì, ó fi sínú àpò àyà rẹ̀, ó sì di bọ́tìnnì rẹ̀.

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Bàbá. Ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Ó kí bàbá rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó sọdá títì, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ.