Iná Kì Í Kanlẹ̀kùn Kó Tó Dé

Ẹ bá mi wo Bàbá Mùkáílà, ọkọ mi, lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná wa ní Ìkirè lọ́dún 1989. Káfíńtà ni wọ́n. Wọ́n ti kan kọ́bọ́ọ̀dù tuntun mọ́ ògiri, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ó wá ku sọ́kẹ́ẹ̀tì kúkà oníná wa. Ti tẹ́lẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bíi rọ́bà tó jóná.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká pe Olúgbémi ní Àpòmù, òun ló mọ iṣẹ́ iná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mùnírátù, ẹ̀rù rẹ ti pọ̀ jù. Láti àná ni wọ́n ti mú iná lọ. Wáyà tí kò síná nínú rẹ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí okùn tí a ń sá aṣọ sí?"

Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Bí iná bá ti lọ báyìí, gbogbo wa a di oníṣẹ́ iná. Mo ṣá yọ́ jáde, mo ní kí awakọ̀ kan tó ń lọ sí Àpòmù bá mi pè é.

Ọkọ mi ti tú ìdérí sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fẹ́ fọwọ́ mú wáyà tó wà níhòòhò, nígbà tí Olúgbémi wọlé. Kò tilẹ̀ kí wa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ṣé ẹ ti pa súìṣì ńlá?"

"Kí la fẹ́ pa? Iná ò sí."

"Wọ́n mú un lọ ni, ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mú un dé, wọn kì í kanlẹ̀kùn."

Ó sáré fa súìṣì ńlá wálẹ̀, ó yọ fíúùsì rẹ̀ sápò kí ẹnikẹ́ni má baà tàn án. Ọkọ mi ń kùn pé ọmọ àná ń pàṣẹ fáwọn nínú ilé àwọn. Wọn ò tíì kùn tán tí àwọn ọmọ àdúgbò fi hó yèè: "Wọ́n ti mú iná dé o!" Rédíò aládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ọkọ mi wo wáyà, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mùnírátù, ǹ bá ti kú."

Hẹ̀n! Mo bú sẹ́kún, mo kúnlẹ̀ fún Olúgbémi, ẹni tí mo lè bí lọ́mọ. Ó ní, "Ẹ dìde, Ìyá, Ọlọ́run ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ fún."

Ó fi tẹ́sítà yẹ wáyà náà wò bóyá iná wà nínú rẹ̀, kó tó fọwọ́ kàn án. Ó fa wáyà nínípọn tí kúkà nìkan ń lò, pẹ̀lú fíúùsì tirẹ̀. Ó so wáyà tó ń darí iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ó sì gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun jìnnà sí ibi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní, "Kúkà ń jẹ iná gan-an. Sọ́kẹ́ẹ̀tì rédíò ò lè gbé e."

Ẹ̀yin ará Ìkirè, Àpòmù, títí dé Gbọ̀ngán, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ tèmi rèé: ẹ pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ iná. Ẹ pa súìṣì ńlá, bí iná ò tilẹ̀ sí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ń dúdú tàbí tó ń rùn, ẹ má lò ó mọ́.

Alihamudu lilahi, ọkọ mi ń bẹ láyé. Kí ọkọ tiyín náà jẹ nínú ọbẹ̀ tẹ́ ẹ máa sè lálẹ́ òní.