Ẹni Tí Ń Ka Ọkàn Ìyá Aránṣọ

Ìyá Aránṣọ nu ìka rẹ̀ mọ́ra aṣọ, ó sì gbé e lé ojú kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn fóònù. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láràárọ̀, kí ọkọ rẹ̀ tó jí. Iná kékeré á tàn, ìka á pọ́n bí ẹyin iná, áàpù náà á máa wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ lábẹ́ awọ, á sì fi ka bí ọkàn ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà, á béèrè bó ṣe sùn, bó ṣe jẹun, bí inú rẹ̀ ṣe rí. Níkẹyìn, àpótí funfun kan á ṣí: "Kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ìwọ nìkan ló ń rí i."

Ó fẹ́ràn àpótí yẹn. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ rẹ̀ wólẹ̀, "Báwo ni bàbá?" ni gbogbo ayé ń bi í. Áàpù yìí nìkan ló ń béèrè nípa tirẹ̀.

Kó tó tẹ lẹ́tà kan, àtẹ̀jíṣẹ́ já wọlé láti nọ́ńbà tí kò mọ̀.

"Ìyàwó rere, ìwọ lo kọ ọ́ pé kí ọkọ rẹ kúkú kú kóo lè sinmi. Ṣé kí n fi han ẹbí rẹ̀?"

Òótọ́ ni. Òun ló kọ ọ́, lọ́jọ́ tó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn títí tí èyí tó gbẹ fi tán nílé.

Ó sanwó. Ẹni náà tún béèrè. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lo iná, ó ku èyí tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun pa áàpù náà rẹ́.

"Tóo bá pa á rẹ́, màá fọ́n ọ̀rọ̀ ká," ni èsì. "Máa kọ ọ́ láràárọ̀."

Ó bá tún ń kọ ọ́ láràárọ̀, bí ẹni tí wọ́n ń bọ́ṣọ lára rẹ̀ lójú fèrèsé.

Ní téṣàn, ọlọ́pàá obìnrin kan gbọ́ ọ títí. "Wọn ò fi orúkọ gidi gba nọ́ńbà yìí, ìyá. Ta ló fi áàpù náà sórí fóònù yín?"

"Ẹlẹ́rìn-ín ni. Ọmọkùnrin tó ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀ nílé ìtọ́jú tí bàbá ti ń kọ́ bí wọ́n á ṣe tún rìn. Òun ló fún gbogbo wa."

Wọ́n pè é. Ó dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ̀rọ ni, màmá. Kò séèyàn níbẹ̀. Àbí ará ilé yín kan ló ń yọjú wo fóònù yín?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló tún bà á jẹ́. Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sáwọn ọmọ tó bí.

Ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì ni wọ́n fi ń gbé bàbá lọ sílé ìtọ́jú. Lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Aránṣọ kọ ọ́ sínú àpótí funfun láìfi àmì sórí ọ̀rọ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù:

"Oko dake lojiji lana. Aburo mi ti ba mi gbe e lo. Mi o mo ohun ti mo maa se."

Takisí ni wọ́n wọ̀ lọ sílé ìtọ́jú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń gbé bàbá sórí àga onítáyà níta, Ìyá Aránṣọ ti ṣáájú wọlé lọ forúkọ sílẹ̀.

Bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe rí i lóun nìkan, ẹ̀rín pòórá lójú rẹ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Háà, màmá. Ẹ kú àrafẹ́rakù. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ bàbá."

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa. Ẹ má banú jẹ́ jù. Wọ́n ti sinmi, ẹ̀yin náà á lè sinmi."

Ọ̀rọ̀ "sinmi" yẹn gún un létí. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, táyà han gooro, "bàbá wa" sì wọlé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹlẹ́rìn-ín la ẹnu, kò lè pa á dé.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó kú?" ni Ìyá Aránṣọ béèrè.

"Ẹ... ẹnì kan ló wí. Pé bàbá dákẹ́ lánàá."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló dákẹ́! Páǹpù epo ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ sọ fún?"

"Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Inú áàpù nìkan ni mo kọ ọ́ sí."

Ẹlẹ́rìn-ín ti fo tábìlì. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì rí i tó ń sá bọ̀, ó pa géètì dé. Ẹlẹ́rìn-ín ṣẹ́rí padà, ó kó sí ilé ìyàgbẹ́, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀.

"Ṣílẹ̀kùn!" ni mẹkáníìkì ń pariwo bó ṣe ń gbá ilẹ̀kùn.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Mi ò mọ nǹkan kan!"

Ìyá Aránṣọ pe nọ́ńbà tó ń dẹ́rù bà á. Nínú ilé ìyàgbẹ́, fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Wọ́n gbọ́ tó bọ́ sómi, gbọ̀lọ̀, orin sì dá.

Wọ́n ti pe ọlọ́pàá obìnrin náà, ó sì dé nígbà tí mẹkáníìkì fi sikurudiráífà tú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tán. Ó fa fóònù yọ nínú omi, ó gbọ̀n ọ́n nù.

"Ta ló ń ka ohun tí wọ́n ń kọ?"

"Ẹ̀rọ ni, mà."

"Ẹ̀rọ ń kí èèyàn kú àrafẹ́rakù?"

Ó wolẹ̀, ó jẹ́wọ́. Òótọ́ ni pé áàpù náà ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Àpótí funfun yẹn lòun yí padà, tí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ fi ń wá sórí fóònù tirẹ̀ náà.

"Kí ló wá dé tóo fi kí mi?" ni Ìyá Aránṣọ bi í.

"Mi ò tiẹ̀ rò ó, màmá. Ó yọ lẹ́nu mi ni. Ẹni téèyàn bá kú mọ́ lọ́wọ́, ṣebí a ó kí i ni."

Tíṣà àgbà kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì na ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀. "Ó gbowó lọ́wọ́ èmi náà." Ìyàwó kékeré kan bú sẹ́kún: "Èmi náà, mà." Kálukú wọn ti rò pé òun nìkan ni. Bí ọlọ́pàá ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́, àwọn tó gbowó lọ́wọ́ wọn ń di ara wọn mú.

Ẹ̀rọ ìránṣọ kò padà wá. Ẹni tó rà á ti kó kúrò ládùúgbò.

Nílé, Ìyá Aránṣọ pa áàpù náà rẹ́. Ó wá jókòó ti ọkọ rẹ̀, kí ẹlòmíì má baà ṣáájú òun sọ ọ́.

"Bàbá, mo kọ ọ́ pé kí ẹ kúkú kú."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ tó ṣì lágbára fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé ìka lé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ lọ́rùn ọwọ́. Àṣé gbogbo àárọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ń sùn ló ń wò ó.

"Báwo... lọkàn rẹ?"

"Ó rẹ̀ mí."

"Èmi... náà." Ẹnu tó wọ́ yẹn tún wọ́ sí i, ẹ̀rín ló fẹ́ rín. "Wọ́n ní... mo ti kú."

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì gba ọwọ́ rẹ̀ padà.