Àrínọlá àti Ọkùnrin Inú Kànga

Orí ènìyàn ni Àrínọlá kọ́kọ́ rí, kò rí ara. Orí náà wà lórí ilẹ̀ lásán lẹ́yìn ilé ìwé, ó pupa láti irun dé àgbọ̀n, eyín ẹ̀ funfun báláú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àrínọlá ju báàgì ọwọ́ ẹ̀ nù, ó figbe ta.

"Yéè, Ọlọ́hun mi o!"

"Ẹ má sá o, Tíṣà," ni orí náà wí. "Ara ń bọ̀ lẹ́yìn."

Lóòótọ́ ni ara ń bọ̀. Èjìká yọ, apá méjì tẹ̀ lé e, títí odidi ọkùnrin fi dúró níwájú ẹ̀, tí erùpẹ̀ pupa ń gbọ̀n dà sílẹ̀ lára ẹ̀. Mákánjúọlá lorúkọ ẹ̀, ará Ṣakí ni, kànga ló ń gbẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà le, kànga ilé ìwé girama Ògbòòrò ti gbẹ, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é kó wá gbẹ́ ẹ jìn sí i. Àrínọlá ní tiẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti fíṣíìsì níbẹ̀. Àǹtí Fíṣíìsì ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Àyà ẹ̀ kò tètè rọlẹ̀. Kì í kúkú ṣe orí pupa yẹn nìkan ló dẹ́rù bà á. Inú kànga ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Mojeed, kú sí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹnìkan ló dákú sínú kànga lóko, Mojeed wọlé lọ gbé e, àwọn méjèèjì ò sì jáde láàyè mọ́. Ìyẹn gan-an ló gbé Àrínọlá dédìí fíṣíìsì, ó fẹ́ mọ ohun tó pa ọmọ ìyá òun. Ó kẹ́kọ̀ọ́ náà yanjú, ó sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ burúkú inú kànga ló pa á, síbẹ̀ bó bá rí kànga lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀nà míì ni yóò yà gbà.

"Ó jìn tó báwo?" ni Àrínọlá bi í.

"Ẹsẹ̀ bàtà márùndínlógójì. Okùn mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Àrínọlá ṣa òkúta kan, ó nà án sí i láti òkèèrè. "Ẹ bá mi jù ú sínú ẹ̀. Ẹ má tì í o, ẹ kàn yọwọ́ lára ẹ̀."

Ọkùnrin náà yọwọ́. Àrínọlá tẹ aago inú fóònù ẹ̀, ó ń retí. Pó! Ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kọ nǹkan sórí iyanrìn.

"Mẹ́tàdínlógójì ni."

"Òkúta yín ń purọ́, Tíṣà."

"Okùn yín ló ń purọ́. Òkúta tó bá ń já bọ́, eré ẹ̀ ń le sí i ni. Ẹ fi àkókò yẹn sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, iye mítà tó fi jábọ́ nìyẹn. Mo wá sọ ọ́ di ẹsẹ̀ bàtà."

Wọ́n ya tépù lọ́wọ́ káfíńtà ilé ìwé, wọ́n wọn kànga. Mẹ́rìndínlógójì ni.

"Àwa méjèèjì la jọ purọ́," ni Mákánjúọlá wí. "A bára mu gan-an."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Lójoojúmọ́ tí Àrínọlá bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, ìta letí ẹ̀ máa ń wà. Bó bá ń gbọ́ díígà nínú ilẹ̀, gbì, gbì, gbì, ọwọ́ ẹ̀ á máa lọ. Bí ìró náà bá dákẹ́, ṣọ́ọ̀kì á dúró sójú kan.

"Àǹtí, ẹ ti kọ ọ́ pé méjì lọ́nà méjì jẹ́ márùn-ún," ni ọmọbìnrin kan sọ lọ́jọ́ kan, ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín.

Tí wọ́n bá lu aago ìsinmi, yóò gbé ẹ̀pà yíyan lọ bá ọkùnrin náà lábẹ́ igi màngóro. Ìwé mẹ́fà ni Mákánjúọlá kà, àmọ́ ìbéèrè kì í tán lẹ́nu ẹ̀.

"Ẹ ṣàlàyé èyí fún mi. Bí korobá bá ṣì wà nínú omi, ọmọdé á fà á. Tó bá ti yọrí lójú omi báyìí, á wá wúwo bí òkúta. Ṣé omi inú ẹ̀ yí padà ni?"

"Kò yí padà. Omi tó yí i ká ló ń bá yín gbé e tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kúrò nínú omi, ó ku ẹ̀yin nìkan."

Mákánjúọlá mi orí. "Ọdún méjìlá ni mo ti ń fa korobá, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé omi ń ràn mí lọ́wọ́."

Òun náà sọ ti iṣẹ́ ẹ̀ fún un. Kó tó wọ kànga tó ti pẹ́, yóò so àtùpà títàn sọ̀ kalẹ̀. Bí àtùpà bá kú, afẹ́fẹ́ tó dáa ò sí níbẹ̀ nìyẹn, kò ní í wọ̀ ọ́. Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ àtùpà yìí fi Àrínọlá lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó sùn ni pé ihò ẹsẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri kànga ni ọkùnrin náà ń tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò sí okùn kankan lára ẹ̀.

Àrínọlá bá yàwòrán púlì méjì sílẹ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ irin kékeré tí okùn ń gbà lórí ẹ̀ kọjá.

"Ọ̀gá, ẹ so ọ̀kan mọ́ igi òkè, ẹ so èkejì mọ́ ìgbànú yín. Ìdajì ìwọ̀n yín péré lẹni tó wà lókè máa fà."

"Ta ló gbé ìdajì yòókù?"

"Igi òkè ló gbé e. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Kẹ́ ẹ tó gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹni tó ń fà á gbọ́dọ̀ fa okùn ẹsẹ̀ bàtà méjì."

"Ẹ fẹ́ so mí. Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

"Ewúrẹ́ ni yín. Ewúrẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà ló já bọ́ lẹ́nu Àrínọlá. Ẹ̀pà há Mákánjúọlá lọ́nà ọ̀fun, ó wúkọ́ títí omi fi dà lójú ẹ̀.

"Kí loríkì yín?" ó béèrè nígbà tó gbé e mì.

"Àṣàkẹ́."

"Èmi ni Àkànní. Ẹ má pè mí ní ọ̀gá mọ́."

Bàbá Mojeed ni gbogbo Ògbòòrò ń pe bàbá Àrínọlá. Àgbẹ̀ oníṣu ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Nígbà tí Mákánjúọlá àti àwọn ará ilé ẹ̀ wá tọrọ ọmọ, ó fún wọn lómi, ó fún wọn lóbì, ó sì bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tọ́mọ wọn ń ṣe.

"Kànga ló ń gbẹ́, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n bàbá Mákánjúọlá dáhùn.

Bàbá Mojeed dìde dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ ò ṣẹ̀ mí o. Ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe kí mi nígbà tẹ́ ẹ wọlé? Ẹ ní, ẹ kúulé, Bàbá Mojeed. Báyìí ni wọ́n ń kí mi láàárọ̀, báyìí ni wọ́n ń kí mi lálẹ́. Kànga ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Mi ò ní í fọwọ́ ara mi fa èkejì fún un, kó wá sọ ọ́ di opó."

Ohun tó dun Àrínọlá jù ni pé òótọ́ ni bàbá ẹ̀ sọ. Ẹ̀rù kan náà ló ń ba òun náà.

Ó sin Mákánjúọlá dé ibi tí ọ̀kadà ń dúró sí. "Àkànní, bí wọn ò tiẹ̀ fi mí fún ọ, má wọ kànga láìsí okùn mọ́."

"Ta ló máa mọ̀ tí mo bá wọ̀ ọ́ láìsí okùn?"

"Èmi. Mi ò ní í lè sùn."

"Mo búra fún ọ, Àṣàkẹ́." Mákánjúọlá gun ọ̀kadà, eruku ojú ọ̀nà Ṣakí sì bò ó títí Àrínọlá ò fi rí i mọ́.

Bàbá ti ní kó má pe ọkùnrin náà mọ́, Àrínọlá ò sì pè é. Ogójì ọjọ́ kọjá. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá fariwo pe ẹlòmíì ládùúgbò, ọkàn ẹ̀ á fò sókè, á rò pé wọ́n gbé òkú dé ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ń bọ̀ láti ilé ìwé. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo ọkùnrin ti lọ sí mọ́sálásí. Bó ṣe dé ẹ̀yìnkùlé Ìyá Sàrátù, ó rí igi tí wọ́n gbé dábùú ẹnu kànga, púlì kan wà lára ẹ̀, okùn ìlọ́po méjì sì gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró níbẹ̀.

"Ẹ kúulé, Ìyá. Ta ló wà nínú kànga?"

"Ọkùnrin Ṣakí yẹn ni. Ẹnìkejì ẹ̀ ti lọ kírun, òun ní òun kàn fẹ́ wo ìdí ẹ̀ ná, òun ń bọ̀ wá bá wọn." Ìyá Sàrátù ń ṣan ìrẹsì, kò gbójú sókè. "Má fòyà, ó ti sọ àtùpà kalẹ̀, kò kú. A sì ti fa omi inú ẹ̀ láàárọ̀."

"Kí lẹ fi fà á?"

"Ẹ́ńjìnnì ni. Wọ́n gbé e sókè níbí, kò fà á rárá. Ni wọ́n bá so ó sọ̀ kalẹ̀ sórí pákó nínú kànga lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ló ti wá fà á dáadáa."

Àrínọlá mọ ìdí tí ẹ́ńjìnnì ò fi fà á lókè. Afẹ́fẹ́ ayé ló ń ti omi gòkè nínú páìpù, agbára ẹ̀ ò sì ju bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà lọ, bẹ́ẹ̀ ogójì ni kànga yìí. Ó tún mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì fi sílẹ̀ nínú ihò yẹn. Èéfín tí kò láwọ̀, tí kò ní òórùn. Kì í pa àtùpà. Èèyàn ló ń pa.

Ó sáré dé ẹnu kànga, ó sì na ọrùn wo inú ẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Àkànní!"

"Ta nìyẹn?" Ohùn náà wúwo bíi ti ẹni tó ń sùn. "Àṣàkẹ́? Orí ń fọ́ mi..."

"Gòkè! Gòkè báyìí báyìí!"

"Ẹsẹ̀ mi ò..."

Nǹkan kan ṣubú gbì. Gbogbo ẹ̀ dákẹ́.

Igbe tí Àrínọlá ké ni Bàbá Mojeed gbọ́ lójú ọ̀nà, torí ó ti pẹ́ kó tó gbéra lọ sí mọ́sálásí. Ó sáré wọlé, ó wo inú kànga, ó rí ẹni tó wà níbẹ̀. Ó bọ́ agbádá, ó ṣí fìlà, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ihò àkọ́kọ́.

"Bàbá, ẹ má wọ̀ ọ́!"

"Fi mí sílẹ̀! Ọmọ ọlọ́mọ ló ń kú lọ yìí!"

"Ẹ̀yin náà máa kú! Báyìí ni Mojeed ṣe wọ̀ ọ́!" Kò pariwo mọ́ bàbá ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó gbá a mú níbàdí, ó fà á sẹ́yìn. "Okùn wà lára ẹ̀! Okùn ni kẹ́ ẹ fà!"

Àmọ́ kò dá a lójú. Ọkùnrin náà lè ti tú u nísàlẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di okùn mú, Bàbá, Ìyá Sàrátù àti Àrínọlá, wọ́n fà. Okùn ń wá lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún fà, ó tún ń wá. Ó ti tú u, ni Àrínọlá ń sọ nínú ara ẹ̀, Ọlọ́hun mi, ó ti tú u.

Lójijì, okùn le.

"Ọgọ́rin ẹsẹ̀ bàtà la máa fà," ó wí, ó sì ń kà á sókè kí ọwọ́ wọn lè ṣọ̀kan. Okùn bó Bàbá lọ́wọ́, kò fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọgọ́ta, Ìyá Sàrátù ní òun ò lè mọ́.

"Ẹ lè ṣe é, Ìyá. Ìdajì ẹ̀ péré là ń fà. Ẹ fà á! Mọ́kànlélọ́gọ́ta!"

Orí yọ lẹ́nu kànga. Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ́ ọ sábẹ́ ibòji, Àrínọlá gbé etí lé imú ẹ̀. Èémí kan ń jáde níbẹ̀, ó tín-ín-rín. Àwọn ọkùnrin ti ń bọ̀ láti mọ́sálásí, wọ́n gbé e jù sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn ní Ṣakí. Atẹ́gùn ọ́síjìn inú sìlíńdà irin ni wọ́n fi sí i nímú mọ́jú.

Ọjọ́ Àìkú ló tó lajú tó mọ èèyàn. Àrínọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, Bàbá Mojeed jókòó nítòsí ẹ̀, wọ́n di aṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́ méjèèjì.

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá," ni Mákánjúọlá wí. "Mo kó yín láyà sókè."

"Dákẹ́ ná. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti ń bi ara mi ní nǹkan kan. Mo ti gbé ẹsẹ̀ sínú kànga yẹn, mo sì mọ̀ pé mi ò ní í jáde. Torí ta ni? Torí ọkùnrin tí mo lé nínú ilé mi?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àjèjì kọ́ ni mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àṣé mo ti kà ọ́ mọ́ ọmọ mi, mi ò mọ̀ ni. Kí àwọn ará ilé ẹ padà wá."

Omi dé sí Mákánjúọlá lójú. "Bẹ́ ẹ bá ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀."

Bàbá wo ọmọ ẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ó wù mí kó fi í sílẹ̀," ni Àrínọlá wí, "àmọ́ ìlú ò lómi. Bí òun ò bá wọ̀ ọ́, ẹni tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ ló máa wọ̀ ọ́. Kó pe gbogbo àwọn tó ń gbẹ́ kànga ní Ṣakí wá bá mi, kí n sọ ohun tí àtùpà ò mọ̀ fún wọn."

"Ẹ̀rù ba èmi náà nísàlẹ̀ yẹn, Àṣàkẹ́," ni Mákánjúọlá wí jẹ́jẹ́. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí."

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni wọ́n so yìgì wọn, níwájú ilé Bàbá Mojeed. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Mákánjúọlá di ẹrù iṣẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà. Kànga kan ń dúró dè é lọ́nà Ìpàpó. Ìyàwó ẹ̀ jókòó sórí pèpéle, kò tíì múra ilé ìwé.

"Àkànní, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Ó fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, àmọ́ ó rí ojú ìyàwó ẹ̀. "Ó ń bà mí. Àtìgbà tí mo ti jí ló ti ń bà mí."

"Gidi?"

"Gidi gan-an."

Àrínọlá mí kanlẹ̀.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, á ṣọ́ra. Máa lọ."