Ohùn Tí Kúbúrátù Fi Búra

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wá fóònù mi! Orin tí mo fẹ́ kọ l'Ẹ̀pẹ́ lọ́la wà nínú ẹ̀!"

"Èmi lo ń pè lólè, Tẹ́milọ́rùn? Ìwọ ọmọ òrukàn, olójú bí ẹja gbígbẹ!"

Kúbúrátù, ìyàwó bàbá Tẹ́milọ́rùn, fò sókè débi pé páànù ilé wọn ní Agric, n'Ìkòròdú, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè ọ̀run. "Bí mo bá mọ ibi tí fóònù ẹ wà, kí ohùn Rodiat ọmọ mi pòórá lójú gbogbo ayé!"

Ẹ gbọ́ ìbúra, ẹ̀yin èèyàn! Inú kọ́mú rẹ̀ ni fóònù ọ̀hún wà, tó ń gbóná mọ́ ọn láyà níbi tó ti ń búra!

Ògúnsànyà, bàbá àwọn ọmọ méjèèjì, ò tilẹ̀ wádìí. "Tẹ́milọ́rùn, bí o bá dójú tì mí l'Ẹ̀pẹ́, orin tán nílé mi nìyẹn! Wàá lọ máa yan ẹja lọ́dọ̀ ẹbí ìyá ẹ l'Èbúté!"

Ọmọ náà gbé omijé mì. Susannah ìyá rẹ̀ ti kú. Ta ni ìbá gbèjà rẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èrò tó wá wo ìdíje àwọn ọ̀dọ́ olórin l'Ẹ̀pẹ́ pọ̀ ju ẹja inú ọ̀sà lọ. Rodiat ló kọ́kọ́ gun ìtàgé. Ohùn tó ti inú sípíkà jáde dùn débi pé ìyá àgbà kan ju ọ̀pá rẹ̀ nù, ó ń jó. Àṣé ohùn Tẹ́milọ́rùn inú fóònù ni! Ẹnu lásán ni Rodiat ń yà. Ìyá rẹ̀ sì ti fa bẹntiróò inú jẹnẹrétọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Èyí tó kù ò lè gbé ju orin Rodiat lọ, kí iná lè kú nígbà tó bá kan Tẹ́milọ́rùn. Ìkà obìnrin!

Orin parí, èrò hó yèè. Bí ojúkòkòrò ṣe gun Kúbúrátù nìyẹn! Òun gan-an ló dìde, tó ń ju ìborùn: "Ẹ jẹ́ kó tún un kọ! Ọmọ mi ni o! Ẹ tún un gbé sí i!"

Díjéè tún un gbé sí i. Ó dé ìdajì, pù-pù-pù, jẹnẹrétọ̀ kú. Ohùn pòórá! Ẹnu Rodiat ṣì ń ṣí, ó ń pa dé, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú ọkọ̀.

"Olórin òfégè! Sọ̀kalẹ̀ jàre!"

Tẹ́milọ́rùn bọ́ síwájú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọlọ́kọ̀ láti òdìkejì ọ̀sà, kí ló fẹ́ fi máìkì ṣe? Ó lanu. Orin kan náà, ohùn kan náà! Èrò ń pàtẹ́wọ́ gbè é, ará Ìkòròdú gbọ́ ọ nílé!

"Ẹ̀yin èèyàn, ohùn yìí ló wà nínú fóònù tí obìnrin yẹn gbé fún mi!" Díjéè na fóònù sókè.

"Fóònù mi!" ni Tẹ́milọ́rùn ké.

Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n rọ epo kún láàárọ̀, kí ló pa á? Ògúnsànyà fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Bẹntiróò! Wọ́n yẹ abẹ́ àga rẹ̀ wò, kẹ́ẹ̀gì rèé!

"Kúbúrátù! Lọ kẹ́rù ẹ! Ilé bàbá ẹ ní Lásúnwọ̀n ń dúró dè ẹ́!"

Ẹkún gba ẹnu Rodiat. "Mọ́mì, ohùn èmi lẹ fi búra! Kí ló dé tẹ́ ò fi tiyín búra?"

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Tẹ́milọ́rùn ló gbé ife ẹ̀yẹ relé, bàbá rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà bí ẹni tó jẹ gbèsè. Kúbúrátù ṣì wà ní Lásúnwọ̀n. Kì í búra mọ́. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ó ti jẹun pàápàá, á ní kẹ́ ẹ lọ bi ẹlòmíràn, kí ọ̀rọ̀ ẹnu òun má tún di ìbúra.