Àṣírí Oko Holger

Ẹ̀rọ ọwọ́ Karna ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún ké. Karna dá a padà sẹ́yìn, ó tún rọra gbé e kọjá lórí ilẹ̀ náà. Igbe náà kò yí padà. Kì í ṣe igbe ìṣó, kì í ṣe ti ìdérí agolo. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Karna, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti ń bá bàbá àgbà rẹ̀ kiri oko pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fi igbe sọ ibi tí irin wà nínú ilẹ̀. Etí rẹ̀ ti mọ ohùn fàdákà.

"Bàbá àgbà, ẹ wá gbọ́."

Egon, bàbá tó bí ìyá rẹ̀, rọra rìn wá láàárín pòròpórò ọkà báálì tí wọ́n ti kórè. Afẹ́fẹ́ òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí fìlà lórí rẹ̀. Ó tẹ́tí, ó mi orí. "Gbẹ́ ẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o."

Owó fàdákà kékeré kan ló kọ́kọ́ jáde, ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Ààbọ̀ ẹ̀gbà ọwọ́ kan tẹ̀ lé e. Nígbà tí Karna ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnu ìkòkò amọ̀ kan yọ sókè. Egon di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó tó. Ibi tí katakata ń túlẹ̀ dé nìkan la láṣẹ àtigbẹ́. Èyí ti kọjá ibẹ̀. Iṣẹ́ Vibeke ló kù."

Vibeke ni awalẹ̀pìtàn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní erékùṣù Bornholm wọn. Kò tó wákàtí kan tó fi dé, bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ sórí erùpẹ̀, ó fi iná kékeré wo inú ìkòkò náà títí.

"Aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Egon, aṣọ ni mò ń wò yìí. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án. Fàdákà pọ̀ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Ṣùgbọ́n kí ìkòkò jókòó báyìí gẹ́lẹ́ bí ẹni tó rì í ṣe gbé e kalẹ̀, kí aṣọ tó fi dì í ṣì wà lára rẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí."

Ó ní àwọn kò gbọ́dọ̀ hú u láìsí ẹni tó mọ ìtọ́jú aṣọ àtijọ́, ẹni náà yóò sì ti Copenhagen dé lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n da erùpẹ̀ bò ó padà, wọ́n tẹ́ pòròpórò lé e. Vibeke wá yíjú sí Karna.

"Ènìyàn mẹ́rin ló mọ ibí yìí: èmi, bàbá àgbà rẹ, Holger tó ni oko, àti ìwọ. Ìwọ lo rí i, nítorí náà wàá bá wa hú u lọ́jọ́bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá bá tíṣà yín sọ ọ́. Títí dìgbà náà, má ṣí ẹnu rẹ. Mo fọkàn tán ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní erékùṣù náà. Nígbà kan rí, olè ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń pe gbogbo ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ dání, àwọn ẹlẹ́rọ náà sì ń kó ohun tí wọ́n bá rí pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, wọn kì í fi han ẹnikẹ́ni. Egon ló kọ́kọ́ gbé àpótí rẹ̀ lọ bá Vibeke, nígbà tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. Vibeke kò lé e. Kọfí ló sè fún un. Láti ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, wọ́n ń sàmì sí ibi tí wọ́n ti rí i, wọ́n sì ń kó o lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí ti gbogbo ìlú ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ní àbàwọ́n láàárín wọn. Palle, ọ̀rẹ́ Egon, ti ta ohun ọ̀ṣọ́ wúrà kan fún àlejò nígbà tí àdéhùn náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlélógún tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá jẹ ẹja yíyan pẹ̀lú Egon. Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n rí ìkòkò náà gan-an, bó ti ń yọ egungun kúrò lára ẹja, ó béèrè: "Mo rí ọkọ̀ Vibeke lóko Holger. Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ó di ọjọ́ mìíràn," ni Egon wí, ó sì na búrẹ́dì sí i. Palle kò béèrè mọ́.

Bí Karna bá lè pa ẹnu mọ́ bíi ti bàbá àgbà rẹ̀ ni, ìtàn yìí ì bá má wáyé.

Ṣùgbọ́n ìyà kan wà tó ń jẹ ẹ́ nílé ìwé. "Píì-píì" ni wọ́n ń pè é, nítorí igbe ẹ̀rọ rẹ̀. Ìyẹn kò dùn ún tó ti Sidsel. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń fà kiri nílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti wọ kíláàsì tuntun, Sidsel ti lọ ń jókòó ti àwọn tó gbajúmọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn kíláàsì, "Píì-píì, ṣé o rí kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá mi bọ̀?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Karna wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó rí i pé Sidsel náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn méjèèjì nìkan kù níbùdókọ̀, Karna yọ fóònù rẹ̀ jáde. Ó fi àwòrán ẹ̀gbà ọwọ́ náà han Sidsel.

"Ìwọ lo rí èyí? Irọ́ lò ń pa."

"Èmi ni mo rí i. Òmíràn ṣì wà nílẹ̀."

"Níbo?"

"N kò gbọ́dọ̀ sọ."

"Ó dáa." Sidsel fa báàgì rẹ̀ sí èjìká. "Àwọn arúgbó yẹn ló kù tó o ní lọ́rẹ̀ẹ́. Mo ti gbọ́."

"Dúró ná." Karna ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù, ó fi ìka kan ibì kan. "Ibí yìí ni. Ṣùgbọ́n búra pé o ò ní sọ fún Rune."

Rune ni ẹ̀gbọ́n Sidsel. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ń ya fídíò ara rẹ̀ sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ sì ti kọ̀ láti gbà á nítorí kò fẹ́ gbọ́ òfin kankan.

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún Rune sí?" ni Sidsel wí, ó sì fa Karna mọ́ra. "Mo búra. Ọ̀rẹ́ ta ni mí?"

Lọ́jọ́ kejì, Sidsel wá jókòó ti Karna lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó bu díẹ̀ nínú búrẹ́dì rẹ̀ jẹ, ó sọ̀rọ̀ àwàdà, ó tilẹ̀ bá ẹni tó pe Karna ní Píì-píì wí. Inú Karna dùn débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí Sidsel fi fẹ́ mọ aago tí Holger máa ń jáde nílé, ó kàn sọ ọ́ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, Holger pe Egon. Ó ní òun lọ rí dókítà lánàá ni, ìgbà tí òun dé lóko lówùúrọ̀ ni òun bá kòtò.

Nígbà tí Karna àti Egon débẹ̀, Vibeke ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ kòtò náà kò fi ọgbọ́n kankan gbẹ́ ẹ. Ṣọ́bìrì ńlá ló fi là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìkòkò náà ti di àpáàdì. Kò sí fàdákà kankan. Nínú pòròpórò, Vibeke rí ìwọ̀nba aṣọ tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Bó ti fọwọ́ kàn án, ó rún mọ́ ọn lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ènìyàn mẹ́rin," ni Holger ń wí ṣáá. "Ènìyàn mẹ́rin péré."

Karna ò lè gbé ojú sókè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ni fídíò kan ti jáde sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan tó fi aṣọ bojú ń da owó fàdákà láti ọwọ́ kan sí èkejì. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí ojú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya fídíò náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín tó máa ń ṣe híkì-híkì ní ìparí. Karna ti mọ ẹ̀rín yẹn kó tó mọ ìwé kà. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ó bá Sidsel níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí nílé ìwé, láàárọ̀ ọjọ́bọ̀.

"O búra fún mi."

Sidsel wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé èmi ni mo gbẹ́ ẹ ni?"

"Ìwọ lo mú fóònù dání. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ."

"Fàdákà àtijọ́ lásán. Ta ló kú sí i?" Sidsel súnmọ́ ọn. "Fetí sílẹ̀. Bó o bá sọ̀rọ̀, èmi náà á sọ ẹni tó fi ibẹ̀ hàn wá. Ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ dì mú? Rò ó dáadáa, Píì-píì."

Sidsel kò tíì fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ yẹn rí. Karna dúró síbẹ̀ títí aago fi lù. Ó wá yé e pé ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago ìjáde Holger ló wá gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n máa hú ìkòkò, inú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn pé sí. Vibeke ní òun kò wá fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Holger ní kí ẹlẹ́rọ kankan má tún tẹ ilẹ̀ òun mọ́, àgbẹ̀ méjì mìíràn sì ti sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "A ṣáà mọ ẹni tó ti ta irú rẹ̀ rí."

Wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Gbogbo ojú yí sí Palle. Palle kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Egon ló wò.

"Egon, bá mi sọ fún wọn."

Egon wo ilẹ̀. "Ìwọ lo béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé, Palle. Ìwọ nìkan lo béèrè."

Ojú Palle yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n gbá létí ní gbangba. "Ọdún mọ́kànlélógún," ó wí. "Mo ti ń jẹun nílé rẹ fún ọdún mọ́kànlélógún." Ó dìde, ó ń wá ẹnu ọ̀nà bíi pé kò mọ ibi tó wà.

Karna dìde dúró. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Sidsel kò ní sọ, Rune kò ní sọ, Palle ni yóò sì gbé ẹrù náà dé ibojì.

"Kì í ṣe Palle ló ṣe é," ó wí. "Wọn kò mọ nǹkan kan. Èmi ni. Èmi ni mo fi ibẹ̀ han Sidsel, òun àti Rune ni wọ́n lọ gbẹ́ ẹ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, títí kan bó ṣe dùn mọ́ ọn tó pé ẹnì kan jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó bú u. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, Palle ti jáde, kódà kò mú kóòtù rẹ̀.

Ọlọ́pàá gba fàdákà náà lọ́wọ́ Rune lọ́jọ́ kejì. Rune ti tẹ òmíràn nínú rẹ̀, ó sì ti sọ òmíràn nù. Sidsel kò tún bá Karna sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, á wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ rí. Vibeke ní tirẹ̀ ránṣẹ́ pe Karna, ó bu kọfí fún un bó ti bu fún bàbá àgbà rẹ̀ nígbà kan.

"O ṣe dáadáa pé o sọ òtítọ́. Mo ti dárí jì ọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n bí a bá tún rí irú rẹ̀ lọ́la, n kò ní sọ fún ọ. Bóyá ó máa di ọdún mélòó kan. Ìdáríjì ọ̀tọ̀, ìfọkàntán ọ̀tọ̀. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

"Nígbà náà, bó o bá fẹ́, máa wá bá mi to àpáàdì yẹn pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Palle kò wá jẹ ẹja lọ́jọ́ Sátidé. Egon gbé kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́, òun àti Karna sì rìn lọ sílé rẹ̀. Palle ṣílẹ̀kùn. Karna bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́wọ́ sókè.

"Mo ti gba tìrẹ, ọmọ mi. Ẹ̀rù bà ọ́, o sì dìde síbẹ̀." Ó gba kóòtù náà. Lẹ́yìn náà ló wo Egon. "Ìwọ ni n kò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún." Ó sì rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Egon dúró pẹ́ níwájú ilẹ̀kùn náà. Karna kò tíì rí i kí ó rí bí arúgbó tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n rìn débi tí òkun ti yọ.

"Ìwọ fi àṣírí tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́ ra ọ̀rẹ́," ni Egon wí. "Èmi ní tèmi, mo ti ní ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Mo tà á nítorí ìfura ọjọ́ kan."

Láti ọjọ́ náà ni Karna ti mọ̀ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àṣírí tí wọ́n bá fi sí wa lọ́wọ́ kì í ṣe tiwa, a kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ná an. Ẹni tó bá ní ká fi àṣírí ẹlòmíràn ra òun kò fẹ́ wa. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ló fẹ́, bó bá ti gbà á tán, yóò máa lọ. Bí ẹsẹ̀ wa bá sì ti yọ̀, ká tètè dìde ká sọ ọ́, kí ẹrù wa má baà pa ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Egon yan ẹja, ó tẹ́ tábìlì fún ènìyàn mẹ́ta, títí kan Palle, ó sì jókòó, ó ń wo ojú ọ̀nà.